Wákàtí Kan Péré fún Píkùbọ́ọ̀lù

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé ní Forest Hill, níbí ní ìlú òyìnbó, ló dá ọjọ́ fún mi. Ó ní bí oṣù yìí bá fi parí tí n kò rí ibi gidi tí màá ti máa gbá píkùbọ́ọ̀lù mi, òun á fi mí sí ibì kan tí àwọn arúgbó ti máa ń jókòó yí ká lórí àga, tí wọ́n á máa ju bàlúùnù síra wọn. Ó ti fún wọn lórúkọ mi.

"Daddy, ẹ ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní kápáàkì. Ẹ ò lè máa gbá bọ́ọ̀lù láàárín mọ́tò."

"Mi ò ṣubú. Ilẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ kí."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Èmi tí mo gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹjọ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́! Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé àpò kan ni, àjà kẹta sì ni. Àmọ́ òun kọ́ ló ń kọ ìwé yìí.

Dókítà ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ náà. Orúnkún mi ọ̀tún ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ló bá ní kí n lọ máa bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré ìdárayá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ wa ní píkùbọ́ọ̀lù ní ilé eré ìdárayá kan. Bí ẹ ò bá tíì rí eré náà rí, bátì rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́bùlù tẹ́nìsì lọ, bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ oníke, ó ní ihò lára bí asẹ́, àwọ̀n rẹ̀ kò ga ju ìbàdí lọ. Ẹni méjì á wà níhìn-ín, ẹni méjì lọ́hùn-ún. Níbẹ̀ ni àwa mẹ́rin ti pàdé: Alhaji tó ta aṣọ ní ọjà Rye Lane títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, Alhaja ìyàwó rẹ̀, Mummy Aládùúrà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, àti èmi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa, wọ́n tilẹ̀kùn.

A wá ibi títí. Ní pápá tẹ́nìsì kan, àwọ̀n ibẹ̀ ga dé àyà Mummy. A lọ sí apá Aylesbury Estate, ariwo àwọn tó ń wó ilé kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. La bá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí kápáàkì ẹ̀yìn ilé mi. Atẹ́gùn gbé bọ́ọ̀lù, mo gbá tẹ̀ lé e. Mo búra fún yín, bọ́ọ̀lù yẹn wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì, ó gun òkè lọ jókòó, kò sì sanwó. Ibi tí mo ti ń pè é ni mo ti kí ilẹ̀.

Ó wá ku gbọ̀ngàn ìṣeré kan tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń gbàyè. Kí n tó rí awò ojú mi, àwọn ọ̀dọ́ á ti kó gbogbo wákàtí tán. Alhaja tí tẹ̀súbáà ti mú ìka rẹ̀ yá ló bá wa já ọ̀kan gbà: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Ọmọ mi ní òun á wá wò ó. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á yọ orúkọ mi.

Aago mẹ́wàá lù, a wọlé, bátì wà lọ́wọ́. Mummy ní, "Ẹ jẹ́ ká fi lé Olúwa lọ́wọ́."

Ta ló máa sọ pé rárá? Orúnkún mẹ́jọ la ní, ó gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbàdúrà fún àwọn tó kọ́ gbọ̀ngàn náà, fún ọba, fún gbogbo ọmọ tó ń retí ìwé ìgbélùú. Nígbà tí a ṣe àmín, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti kọjá.

Alhaji wúkọ́. "Àdúrà yẹn dáa o, Mummy. Àmọ́ ẹ ò lè gbà á fún apá tiyín nìkan."

Ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tó tán, ó na bọ́ọ̀lù sí mi. "Ẹ gbá a, ẹ̀yin lẹ jù wá lọ."

"Ká má rí i, Alhaji. Ẹ̀yin tẹ ti lọ sí Mẹ́kà!"

A ṣì ń bu ọlá fúnra wa lọ́wọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn géńdé mẹ́rin wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. "Uncle, ẹ má bínú o, aago mọ́kànlá ti lù."

Ọmọ mi káwọ́ lérí lórí bẹ́ǹṣì. "Daddy, ẹ ò gbá ẹyọ kan!"

"Aago wọn ló ń sáré," ni mo dá a lóhùn.

Mummy ló bínú jù. "Kò sẹ́ni tó máa fi aago lé àdúrà kúrò lẹ́nu mi. Ẹ kálọ!"

Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà ní òkè ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Rye Lane. Ìyá ìjọ ni. Wòlíì kò lè kọ̀ fún un. Ó kàn ní ká má sún mọ́ pẹpẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ bàtà wọlé, nítorí òfin ìjọ wọn nìyẹn.

Alhaji ti bọ́ tirẹ̀ tán. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bọ́ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ṣé bàtà ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni?"

A ká kápẹ́ẹ̀tì, a so okùn mọ́ àga méjì. Àdúrà tún wáyé o, ó tún gùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó wo aago. Lẹ́yìn náà la gbá bọ́ọ̀lù! Ẹsẹ̀ lásán di ilẹ̀ mú bí ẹsẹ̀ alángbá. Mo fò débi pé orí mi fẹ́ kan àjà.

Ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà gígùn rẹ̀. "Daddy, ẹ ó yọ̀ ṣubú! Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Bó o bá fẹ́ mú mi, wọlé wá mú mi. Ṣùgbọ́n bọ́ bàtà."

Kò bọ́ ọ. Ó dúró, ó ń wò wá. Ó rí Alhaja tó lu bọ́ọ̀lù kọjá létí mi, ó rí mi tí mo yí padà lórí orúnkún tó ń ké yẹn tí mo sì dá a padà. Ó wá bi Mummy léèrè pé ọjọ́ wo ni ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣófo.

"Gbogbo Ọjọ́bọ̀, ọmọ mi. Kò sí fífi fóònù gbàyè nínú ẹ̀."

Ó yọ fóònù tirẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan níbi tí wọ́n ti ń ju bàlúùnù pé bàbá òun ò ní lè wá mọ́. Ó wò mí bí ẹni ń retí kí n dúpẹ́. Mi ò dúpẹ́. Ta ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jí i gbé, tí kò rí i gbé? Mo kọjú sí àwọ̀n, mo ní kí Alhaji gbá bọ́ọ̀lù.