Gbólóhùn Ọjọ́ Ẹtì

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni èmi àti Ọlábímtán Oyèwùmí fi jọ jókòó ní yàrá olùkọ́ kan náà ní Ìlobù, n kò sì rí ọjọ́ kan tí ẹfun pátákó kò sí lára ṣòkòtò rẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, òun ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi máa ń ti Òṣogbo wá. Ìfọ́n ni òun ti máa ń gun ọ̀kadà wá láàárọ̀, ọ̀nà tí kò jìn ju ibi tí èèyàn ti lè jẹ gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ tán. Ìfọ́n ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn tó ń kí i lójú ọ̀nà Ìlobù ni ó ti nà rí ní kíláàsì.

Oníwàhálà èèyàn ni lórí ohun kan ṣoṣo: bí àwọn Òyìnbó ṣe ń fi nǹkan kan wé òmíràn. Ó ní ọmọ tó bá sọ pé nǹkan tó nǹkan kò tíì sọ ohunkóhun. Ṣé ó tó o gẹ́lẹ́ ni, ṣé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o ni, àbí kò tó ìdajì rẹ̀ pàápàá? “Just as,” “nearly as,” “not half as”: wọn kì í kúrò lójú pátákó rẹ̀ látìgbà tí a bá wọlé títí di ìgbà tí a bá gba ìsinmi. Mo máa ń sọ fún un pé iṣẹ́ mi ló ń jí ṣe, pé ẹni tó bá ti ń wọn nǹkan ti kúrò ní tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ìyá Démiládé, ìṣirò yín kò lè wọn bí inú èèyàn ṣe dùn tó.”

Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ tó lọ kírun Jímọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ mú gbólóhùn kan wá tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ti inú ìwé wá. Ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí lọ́nà láàárọ̀ yẹn ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́: ewúrẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ tó ń dà á, ìlà àwọn tó ń pọnmi nídìí ẹ̀rọ omi tí kò gùn tó ti àná rárá. Èyí tó bá dára, á kà á sókè, àwa tí a wà ní yàrá olùkọ́ á gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó fi ọ̀rá bò. Nínú ìwé yẹn, orúkọ Hàfúsátù ló pọ̀ jù.

Ọmọ Hàmídù ni Hàfúsátù. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ ni Hàmídù, ilé rẹ̀ sì wà nípẹ̀kun Ìlobù, lápá ibi tí ọ̀nà ti lọ sí Ìfọ́n. Ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìdánwò máa ń bà á. Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣe ìdánwò àṣejáde, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò yege nínú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó ń lé kò sì gba ẹni tí kò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà wá jókòó sí kíláàsì. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ láìfi bò pé ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù. Bí kò bá yege, kó lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ẹdẹ. Ọlábímtán sọ ọ̀rọ̀ náà di ìjà tirẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjà ilẹ̀ tún dé láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. N kò ní sọ ẹni tó kọ́kọ́ ju òkò. Bí ẹ bi ará Ìlobù, á ní Ìfọ́n ni. Bí ẹ bi ará Ìfọ́n, á ní Ìlobù ni. Èmi bínú sí àwọn méjèèjì, mo ṣì ń bínú. Wọ́n jó oko, wọ́n jó ilé, sójà dé, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Ọ̀nà tí kò gba ẹ̀kúnwọ́ gúgúrú kan wá di ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lè rìn. Àwọn tí Ọlábímtán ti nà rí ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àdá.

Ni ó bá gbé kíláàsì rẹ̀ sórí fóònù. Láàárọ̀, á fi ohùn ránṣẹ́ sí Hàfúsátù lórí Wasáàpù. Lọ́sàn-án, ọmọ á fi iṣẹ́ tó ṣe ránṣẹ́ padà. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, gbólóhùn kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó pè mí, ó ròyìn rẹ̀ fún mi tìdùnnú-tìdùnnú, mo sì yìn ín. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé mo yìn ín. Kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú àwa méjèèjì pé ohun tí ọmọ ń fojú rí ní Ìlobù nígbà náà kì í ṣe ewúrẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì kẹta, Hàfúsátù kọ ọ́ pé àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ìpẹ̀kun àdúgbò àwọn kò pọ̀ tó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rárá: “The men at the end of our road are not nearly as many as last week.” Ohun tó rí ló kọ. Ebi ló ti lé àwọn ọkùnrin náà padà sóko. Inú Ọlábímtán dùn ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìfọ́n, ó sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí: ó kà á sókè. Àbúrò rẹ̀, Dúró, ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti jó oko Dúró kanlẹ̀ nínú ìjà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá ń gbé. Dúró ní kó tún un kà. Ọlábímtán rò pé àbúrò òun tó sá kúrò nílé ìwé lọ́mọdé ló wá nífẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ alẹ́. Ó tún un kà, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ kékeré inú rẹ̀ ṣe fi hàn pé ìyàtọ̀ náà pọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, èéfín yọ lápá Ìlobù. Ilé mẹ́rin jó, ti Hàmídù wà nínú wọn. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún Hàmídù bó níbi tó ti ń wọ́ àpótí ìwé ọmọ rẹ̀ jáde. Nírọ̀lẹ́, Dúró wọlé, òórùn bẹntiróòlù ń jáde lára rẹ̀. Ó fọ ọwọ́ lẹ́yìnkùlé, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ohun tí ẹ kà lánàá ló ràn wá lọ́wọ́.”

Ọlábímtán pè mí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ balẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó máa fọ́ ọ ló rọra fi í lé. Bó bá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa fà lé wọn lọ́wọ́, ìyẹn kò sì le tó èkejì: Hàfúsátù ló kọ gbólóhùn náà. Àwọn ará Ìlobù kò ní dúró gbọ́ pé iṣẹ́ kíláàsì ló ń ṣe. Wọn á ní ó ta ìlú. Mo ní kó dákẹ́. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn àgbà ni mo gbà á tàbí ti ojo.

Hàmídù kó ìdílé rẹ̀ wá sí yàrá kan ní Òṣogbo. Èmi ni mo bá Hàfúsátù wá ibi tó ti ṣe ìdánwò. Kò fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí Ọlábímtán mọ́, òun náà kò sì béèrè. Ọlábímtán rù, ṣòkòtò rẹ̀ sì wá mọ́ tónítóní, ohun tí n kò rò pé mo lè rí kí inú mi má dùn. Òun àti Dúró ṣì ń gbé inú ilé kan náà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Nígbà tí èsì dé, Hàfúsátù yege, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì dára ju gbogbo yòókù lọ. Ọlábímtán ní òun fẹ́ lọ kí wọn. Mo sọ fún un pé bó bá mọ̀ pé òun kò ní sọ òótọ́, kó jókòó sílé rẹ̀. Ó ní torí òótọ́ náà lòun ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì la lọ, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí Hàmídù ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, Ọlábímtán dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, kò sì dìde. Hàmídù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ tí iná jó náà dì í lápá mú.

“Tíṣà, ẹ dìde,” ó ní. “Nígbà tí àwọn èèyàn yín ń jó wa nílé, ẹ̀yin ń kọ́ ọmọ mi. Kò sí ẹni tó bú Ìfọ́n lójú mi tí n kò sọ ọ́ fún.”

“Bàbá,” Ọlábímtán ní, “gbólóhùn kan wà tí...”

Hàfúsátù ń gbé omi bọ̀ látinú yàrá. Ó kúnlẹ̀ sáàárín wọn.

“Sà,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi.”

Mo wo ojú ọmọ náà, mo sì rí i pé ó ti mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rò ó papọ̀: ọjọ́ tó kọ ọ́, ọjọ́ tí iná dé, ẹnì kan ṣoṣo tó fi í ránṣẹ́ sí. Kò tíì sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọwọ́ òun ni ọ̀rọ̀ tó jó ilé wọn ti jáde. Bí Ọlábímtán bá jẹ́wọ́ tirẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ ti ọmọ mọ́ ọn. Ó gba omi náà, ó mu ún tán, ọ̀rọ̀ tó gbé wá sì bá omi wọlé. Hàmídù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Ọlábímtán ń ṣe àmín.

Hàfúsátù sìn wá dé ìta. Ó yọ ìwé kékeré kan tó ti ká jáde lábẹ́ híjáàbù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Ọlábímtán, ó ní òní ọjọ́ Ẹtì ni. Kò dúró gba ọpẹ́, ó padà wọlé. Mo yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀.

“My father still trusts you just as much as before, sir.” Bàbá òun ṣì fọkàn tán an gẹ́lẹ́ bí ó ṣe fọkàn tán an tẹ́lẹ̀. Kò kọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn náà. Ọlábímtán dúró sójú oòrùn, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó fi í sápò, kò sì kà á sókè.