Èènì Tó Da Ẹgbẹ̀rún Iṣu Rú

Láti oókan títí dé mílíọ̀nù, kò sí nọ́ńbà kan tí n kò mọ bàbá àti ìyá tó bí i. Ẹ jí mi lójú oorun, kí ẹ dárúkọ èyí tó wù yín, màá sọ nọ́ńbà méjì tí a sọ di ìlọ́po ara wọn kí ó tó jáde. Àwọn tí kò lóbìí nínú wọn, tí kò ṣeé pín, pàápàá ń kí mi kú iṣẹ́. Prámárì mẹ́ta ni mo sì kà, n kò tilẹ̀ kà á tán.

Iṣẹ́ mi ni kíkà iṣu ní Igangan. Márùn-ún márùn-ún là ń kà á. Bí oníbàárà bá rà tán, a ó fi ẹyọ kan lé e lọ́fẹ̀ẹ́, èènì nìyẹn. Ahun ni kì í fi èènì sí i, a kì í sì í gbà á padà.

Lọ́jọ́ kan, ìbejì kan láti Ìgbó-Ọrà, Àǹtí Táyé àti Àǹtí Kẹ́hìndé, jọ ra ẹgbẹ̀rún iṣu lọ́wọ́ ọ̀gá mi, Bàbá Ràfíù. Dọ́gbadọ́gba ni wọ́n ń pín ohun gbogbo, ìbáà ṣe ẹ̀pà. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Bàbá Bọ́sẹ̀, bí àwọn obìnrin yìí bá bínú kúrò lóko mi, wá iṣẹ́ mìíràn."

Mo kà á pé, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ni èmi ọlọ́yàyà bá gbé iṣu ńlá kan lé e.

"Èènì yín rèé o!"

"Èènì ta nínú wa?" Àǹtí Táyé ló bi mí.

"Ẹ̀yin méjèèjì ni, mà."

"Ká wá là á? Ta ni yóò ra iṣu lílà?"

Ojú ọ̀gá mi yí padà. Mo ní kí wọ́n má mikàn, èmi yóò rí ọ̀nà tí yóò fi pín. Mo pín gbogbo iṣu náà sí mẹ́rin, ẹyọ kan kù. Márùn-ún, ẹyọ kan kù. Mẹ́jọ, ó tún dùbúlẹ̀, ó ń wò mí. Mẹ́wàá ńkọ́? Ẹyọ kan. Gbogbo iye tó ń pín ẹgbẹ̀rún láìṣẹ́kù ni èènì mi ti lé sá pátá. Àfìgbà tí mo dé orí méje.

"Ó ti pín o! Ọ̀nà méje! Mẹ́tàlélógóje lọ́nà kọ̀ọ̀kan!"

Àǹtí Kẹ́hìndé wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Táyé, àwa mélòó ni ìyá wa bí lọ́jọ́ náà?"

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Wọ́n ní ká sun iṣu náà, a fi epo jẹ ẹ́, iṣẹ́ kò sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi kún un. Òótọ́ ni iṣu, òótọ́ ni ìbejì. Méje yẹn ni irọ́, òun àti àwàdà tó tẹ̀ lé e; n kò dé orí rẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ìdèrè, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn mí pé méje ń pín in, ó ní mọ́kànlá àti mẹ́tàlá náà á pín in. Lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí mẹ́wàá kọ̀, mo jókòó sórí iṣu, mo bú sẹ́kún. Àánú mi ló ṣe wọ́n tí wọ́n fi ní ká sun ún.