Ọjọ́ Tí Bàámi Tún Wọ Agbo Ẹ̀ṣẹ́

Ní ìgbà èwe mi, ní Agége, kò sí ọmọ tó ń yan bí èmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Akànṣẹ́ ni bàbá mi, nínú àwọn abara-wúwo tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù. Ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú lẹ́bàá rélùwéè ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, agbo ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń lọ.

Pẹ̀lú gbogbo títóbi wọn, ẹsẹ̀ wọn fúyẹ́ bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná. Ẹ̀ṣẹ́ òsì kan báyìí, ẹni tí wọ́n ń bá jà á ti jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, màá gba inú ọjà kọjá láìní nǹkan kan-án rà, kí wọ́n ṣáà lè sọ pé, "Ọmọ akànṣẹ́ ló ń lọ yẹn."

Nígbà tó yá, ìyá mi bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi ìjà sílẹ̀. Wọ́n wá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà wà nínú wọn, tó ń jẹun nílé wa bí ọmọ bíbí. Ọdún ń gorí ọdún. Bàámi yọ ikùn, orúnkún sì ń dùn wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ níbi iṣẹ́, bàámi dá sí i. Ni ọ̀kan bá ní, "Ẹ̀yin náà ti jà rí ni, Bàbá?" Ẹ̀rín sọ. Bàámi délé, wọn ò jẹun. Wọ́n ní àwọn á tún jà.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bí a bá dàgbà, à yé ogun jà."

"Ta ló dàgbà?"

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn gan-an, tí kò sẹ́ni tó lè dojú kọ ọ́ nínú agbo mọ́ nígbà náà, ni bàámi ní àwọn á bá jà. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, mi ò lè gbọ́wọ́ sókè sí yín."

Bàámi ní, "Tó o bá kọ̀, o ti sọ fáráyé pé mo ti tán nìyẹn."

Lọ́jọ́ ìjà náà, èèyàn wá láti Onígbòǹgbò àti Dópẹ̀mú. Iwájú ni mo jókòó sí, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi pè. Bí bàámi ti bọ́ ẹ̀wù, ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Họ́wù!" Ilẹ̀ ni mo ń wò. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàámi ju ẹ̀ṣẹ́ òsì yẹn. Ó pẹ́ kó tó débẹ̀, ọmọ náà ti yẹ̀ ẹ́. Òun náà ju tiẹ̀, àmọ́ ńṣe ló rọra kan èjìká wọn bí ẹni ń jí ọmọ tó sùn. Gbogbo wa la rí i.

Bàámi dúró. "Lù mí! Ṣé àánú mi ló ń ṣe ẹ́ ni?"

Omi lé rọ́rọ́ lójú ọmọ náà. Ó lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Bàámi fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn. Ńṣe làwọn èèyàn ń dìde jẹ́ẹ́, bí ẹni ń kúrò nílé ọ̀fọ̀. Ọmọ náà fẹ́ gbé wọn dìde, wọ́n gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ojú èmi àti bàámi wá ṣe mẹ́rin. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú kúrò, bàbá fún ọmọ. Ìtìjú yẹn ò tíì kúrò lára mi.

Níbi iṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ò fi wọ́n ṣẹ̀sín mọ́. Wọ́n á sáré bá wọn gbé apá ibi tó wúwo lára igi. Bàámi ò lè fara dà á. Wọ́n fibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lọ ń dáko ní ọ̀nà Ọgbà. Tọ́mọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá gbé ẹran Iléyá wá, ẹ̀yìnkùlé ni bàámi máa ń gbà jáde, títí wọ́n fi kú.

Oko yẹn ti di ilé àti ṣọ́ọ̀bù lónìí. Ayé sì ti yí: tẹ́nì kan bá ṣubú báyìí, kó tó dìde, fóònù ti gbé e yípo ayé. Nígbà tiwa, Agége nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Agége náà ni gbogbo ayé tí bàbá mi ní.