Ẹni Tó Dá Mi Lóhùn Nídìí Ìkòkò Aró

Kì í ṣe àlá, n kò sì mu nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń sọ ọ́.

Pírójẹ́ẹ̀tì àṣejáde mi dá lórí àdìrẹ. Olùkọ́ tó ń bójú tó o fi bírò pupa fagi lé orí kẹrin títí ó fi sú mi. Ó ní, "Íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀ níbí. Àwọn aláró dà?"

Mo sì ti lọ sí ọjà aládìrẹ ní Ìtòkú o! Àwọn tó ń tà á ní kí n kọ́kọ́ ra aṣọ kí n tó béèrè ọ̀rọ̀. Bí n kò bá sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ọdún mìíràn nìyẹn. Oorun dá lójú mi.

Ni mo bá lọ sí agboolé wa ní Kẹ́mta, níbi táwọn ìyá àgbà ti ń rẹ aṣọ láró nígbà kan. Àwọn ìkòkò ṣì wà lẹ́yìnkùlé, koríko ti hù yí wọn ká. Ọ̀sán gangan ni.

Ìyá mi máa ń kìlọ̀ fún wa pé a kì í kí ìdí aró tí kò séèyàn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mo fẹ́ fi àwọn ìkòkò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kí wọn bí a ṣe ń kí aláró: "Àrẹ̀dú o!"

"Ọ̀ọ̀ o," ohùn obìnrin kan dáhùn.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Orí mi wú. Mo fẹ́ sá, àmọ́ mo rántí ọjọ́ Ẹtì, mo bá jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí kẹrin mi sókè.

"Kò rí bẹ́ẹ̀," ohùn náà sọ wúyẹ́wúyẹ́ létí mi. Òórùn aró gba ibẹ̀ kan.

Ìbínú gbé ẹ̀rù mì. Irú kí leléyìí? Alààyè fagi lé e, òkú náà tún fẹ́ fagi lé e! Mo ní, "Ó yá, ẹ sọ bó ṣe rí fún mi, mà!"

Wọ́n sì sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n tọ́ aró wò kí aṣọ tó wọ̀ ọ́, àti bí wọ́n ṣe ń sùn ti ìkòkò tó bá kọ̀ tí kò dú. Mò ń kọ, mò ń sunkún, inú sì ń bí mi.

Mo tún orí kẹrin kọ, mo gbé e lọ. Olùkọ́ kà á tán, ẹnu yà á. "Èyí gan-an ni! Ta ni màmá yìí?"

Mo ní ìyá aláró kan ni, ní Kẹ́mta.

"Ó dáa. Mú mi lọ bá wọn lọ́la. Tí fọ́tò wọn bá ti wà nínú rẹ̀, màá sáìnì."

Ẹ wo ayé mi! Mo ní màmá ò fẹ́ràn fọ́tò, olùkọ́ ní òun máa bẹ̀ wọ́n. Èmi ò mọ ohun tí màá ṣe lọ́la o. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó kù, kẹ́ ẹ tó gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé yà ní fọ́tò.