Ìrìn Tí Kò Kúrò Lójú Kan

Ohun tí dókítà ní kí n ṣe kò le rárá. Ó ní kí n máa rìn. Ó ní kí n máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú rìn lójoojúmọ́, kí n dín iyán àti ìrẹsì kù, kí n sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi kò bá wálẹ̀, ó di abẹ́rẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bọ́ bàtà. Ó mú nǹkan kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìpẹja, ó ń fi kàn mí ní àtẹ́lẹsẹ̀ lójú ibi márùn-ún, ó ní kí n máa sọ ọ́ bí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára. Mẹ́ta ni mo mọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, mi ò sì béèrè ohun tó kọ. Bí ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lábẹ́ orúnkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìrìn yìí fi dà mí lọ́kàn rú. Ẹsẹ̀ ló fi ṣòwò. Kí ọ̀kadà tó pọ̀ lójú ọ̀nà ibodè, òun a ru gàrí kọjá sí apá Bẹ̀nẹ̀, a fi èdè Faransé tí kò kọ́ níléèwé kankan ná ọjà, a sì ru aṣọ padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Òun ló rán mi níléèwé tí mo fi di tíṣà. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi jókòó sídìí tábìlì, ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé. Òun tó rìn, tirẹ̀ ni wọ́n gé. Báwo wá ni ìrìn ṣe di oògùn? Mo bi dókítà bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní ìrìn kọ́ ló gba ẹsẹ̀ rẹ̀, pé egbò kékeré kan tí kò mọ̀ pé òun ní ló gbà á. Mo ní mo ti gbọ́. Kò yé mi.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú lójú títì. Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Ní Ìlaròó, bí ẹni tó mọ àgbàlagbà bá rí i tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò jẹ́ kọjá kó má gbé e. Lọ́jọ́ kìíní, ọmọ kan tí mo kọ́ ní pírámárì dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró, ó bi mí níbi tí mò ń lọ. Mo ní mi ò lọ síbì kankan. Ó rò pé owó ọkọ̀ ni kò sí lọ́wọ́ mi tí ojú ń tì mí láti sọ, ló bá bẹ̀ mí kí n ṣáà gùn ún. Mo gùn ún, ó gbé mi padà sílé tí mo ti kúrò láìtíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò aládùúgbò wa ni. Lọ́jọ́ kẹta, inú ti ń bí mi, mo sọ fún ọlọ́kadà tó dúró pé kó máa lọ, pé ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi rìn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn mẹ́ta ló kan ilẹ̀kùn: ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà náà, ìyá rẹ̀, àti bàbá àgbà kan nínú agbo ilé wọn. Wọ́n ní àwọn wá tọrọ àforíjì. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà ṣe fún mi tí mo fi ní ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n fẹsẹ̀ rìn ju kí n gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó la ẹnu. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ṣúgà, mo ṣàlàyé ti dókítà. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ délẹ̀, ó mi orí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n ṣáà dárí jì í. Mo dárí jì í. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó gbọ́ ọ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti forúkọ mi sílẹ̀ ní jíìmù kan tó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta táìlì. Ó ní kò sí ọlọ́kadà tó máa wá gbé mi lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá. Inú mi kò dùn sí i. Kí n fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kí n wá máa wọ ṣòkòtò kiri níwájú àwọn tí mo ti nà rí? Ṣùgbọ́n mo rántí mẹ́ta nínú márùn-ún, mo lọ ra bàtà kánfáàsì.

Ẹ̀rọ mẹ́rin ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú fèrèsé. Wọ́n lẹ àwòrán ńlá kan mọ́ ògiri, ọmọbìnrin kan tó ń sáré lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò kan ilẹ̀. Mo wo àwòrán, mo wo àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń sáré. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rìn ni, wọ́n sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú. Obìnrin kan ń wo fíìmù lórí fóònù rẹ̀. Alààjì kan tó ń ta ìrẹsì lọ́jà fọwọ́ di irin tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ òde. Rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ń lọ sẹ́yìn, àwọn ń lọ síwájú, wọn ò sì kúrò níbi tí wọ́n wà.

Mo rò pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná ni. Mo jókòó dè wọ́n kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n rìn tán, wọ́n nu ojú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Kò pẹ́ tí mo tún rí èyí tó rú mi lójú jù. Ilé Alààjì kò jìnnà sí jíìmù, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà á rí òrùlé rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀kadà ló ń gbé e wá. Á sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á gun àtẹ̀gùn, á rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ, ọ̀kadà á sì tún gbé e padà sílé. Mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi, àfi ìgbà tí mo rántí pé ọ̀kadà ló gbé èmi náà wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú iná lọ, gbogbo ẹ̀rọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòṣì wa, ọmọbìnrin kan tí ara rẹ̀ le bí igi, ní jẹnẹrétọ̀ kò ní epo, kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ rìn yí ọgbà ká. Kò sẹ́ni tó lọ. A jókòó, a ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, títí wọ́n fi ra epo dé. Èmi náà jókòó.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé oṣù kejì ń parí lọ, mo sì ń rìn bí gbogbo wọn ṣe ń rìn. Tíṣà ni mí. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí bí gbogbo kíláàsì bá ṣe iṣẹ́ tó rọrùn, tí wọ́n fi èyí tó le sílẹ̀, tí wọ́n wá ń wojú tíṣà bíi pé iṣẹ́ parí. Ẹ̀rọ yìí, wọ́n ṣe é kí èèyàn máa sáré lórí rẹ̀ ni. Ó wà nínú àwòrán. Ọ̀lẹ ń ṣe wá, ẹsẹ̀ mi ni yóò sì jìyà rẹ̀. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú. Lọ́jọ́ kan tí kóòṣì wọ inú yàrá kejì, mo tẹ bọ́tìnì tó ń mú un yára, mo tún un tẹ̀, mo tún un tẹ̀.

Mo sáré. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ mi kan kò bá èkejì dé, rọ́bà gbá mi sẹ́yìn, mo sì bá ara mi lórí eékún nílẹ̀. Alààjì fa okùn tó ń pa ẹ̀rọ. Mo ní kò sí nǹkan tó ṣe mí, mo rẹ́rìn-ín, mo wá ọ̀kadà lọ sílé.

Ilé ni mo ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín láti iwájú. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ṣí sókè, ara abẹ́ rẹ̀ sì ti bó. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Mo ti fẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, mo ti fi gun ọ̀kadà, mo ti fi rìn wọlé, kò sì dùn mí rárá. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fi ń wẹ egbò náà fún mi ní ọsibítù. Dókítà bínú sí mi gan-an. Nígbà tí mo padà sí jíìmù, kóòṣì bi mí ta ló ní kí n sáré. Mo bi òun náà pé kí ló dé tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó lè sáré bí kò bá sẹ́ni tó gbọdọ̀ sáré. Ó ní, "Ẹ̀rọ lè sáré, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ò gbọdọ̀ sáré." Alààjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọ bàtà rẹ̀, ó yọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn, ó na ẹsẹ̀ sí mi. Ìka rẹ̀ méjì kò sí níbẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ rò pé eré ni mo wá ṣe níbí?" ló wí.

Àṣé dókítà ló rán gbogbo wa wá, ẹsẹ̀ ni kálukú wa sì ń tọ́jú. Alààjì kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ òkúta ojú títì, ìdí nìyẹn tí ọ̀kadà fi ń gbé e. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n kò tán ìrújú inú mi. Bí ẹsẹ̀ kò bá ti mọ nǹkan lára mọ́, kí ni ìrìn fẹ́ dá padà fún un? Dókítà ní kì í dá a padà, ó ń dáàbò bo èyí tó kù ni. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo gbà á gbọ́.

Nígbà tí egbò jinná, mo lọ sí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀, ó na ọ̀pá tó fi ń rìn sílẹ̀. Mo ròyìn ẹ̀rọ fún un, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín bí ọmọ mi ṣe rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "Bó o bá rìn ín tán, ibo lo máa ń dé?"

Mo ní, "Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ náà ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní kí n jókòó, kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé òun nítan. Ó wo ojú egbò náà dáadáa, ó wá ní kí n kọjú sí ògiri, kí n sọ ìka tí òun bá fọwọ́ kàn. Mo kọjú sí ògiri. Mo ń dúró kí ó bẹ̀rẹ̀. Ó bi mí pé, "Èwo ni mo dì mú yìí?" Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti dì í mú. Mo ní èyí tó kéré jù. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àtàǹpàkò mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó rọra gbé ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ó ní, "Dìde. Rìn ín kí n wò ó."

Mo dìde láàárín pálọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú kan, mo ń gbé ọ̀tún, mo ń gbé òsì, ojú ń tì mí. Kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Mo wo ilẹ̀ kí n má bàa rí bó ṣe ń wò ó, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó kù ti ń lọ sókè lọ sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó ń bá tèmi lọ, ìró rẹ̀ sì ń mì lápá kejì tí wọ́n gé náà. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo fẹ́ jókòó.

"Má tíì dúró," ló wí.

Mi ò dúró.