Ukulélé Ọlọ́wọ́ Òsì

Àlàmú kì í bínú. Ohun tó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀, Hassanat, nìyẹn. Hassanat á ní òótọ́ ni, ọkọ òun kàn máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ síbi tí kò ti ní bàjẹ́ ni.

Èyí tó tọ́jú lọ́tẹ̀ yìí ti lé lọ́dún. Káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàmú, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Agége, iṣẹ́ tó sì fẹ́ràn jù ni ukulélé, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin téèyàn ń gbé sáyà bí ọmọ ọwọ́. Dàwódù, tó ń ta ohun èlò orin ní Onígbòǹgbò, ló ń bá a tà wọ́n. Àfi bí Àlàmú ṣe rí fídíò lórí fóònù: Dàwódù wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Allen, ukulélé Àlàmú lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ Dàwódù níkùn rẹ̀ gàdàgbà, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí Àlàmú bi í, ẹ̀rín ló fi í rín. "Ta ló máa ra nǹkan tí ọwọ́ òsì gbẹ́? Mo bò ẹ́ láṣìírí ni."

Àlàmú, tí wọ́n bí ní ọlọ́wọ́ òsì, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, Dàwódù tún dé. Madam tó ni òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ òmíràn, ó sì fẹ́ kí ẹni tó gbẹ́ ẹ wá fi kọrin níwájú àlejò.

"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n?"

"Ta ló tún gbẹ́ ẹ?"

"Òótọ́ ni, sà."

Hassanat ní kó fi igi tútù gbẹ́ ẹ, kó lè là mọ́ Dàwódù lọ́wọ́. Inú bí Àlàmú. "Kí n torí Dàwódù gbẹ́ nǹkan burúkú?"

Ọ̀gánwó tó ti gbẹ dáadáa ló lò. Ó fá ojú rẹ̀ títí, bó bá kan án, igi á dáhùn. Ó lọ wá eegun màlúù ní Oko-Ọba fún ibi tí okùn ń gbà kọjá lọ́rùn, ó fi fáìlì la ojú mẹ́rin sí i, okùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú tirẹ̀. Kò sí àbùkù kankan. Ó kàn tò ó fún ọwọ́ ara rẹ̀ ni: okùn tó yẹ kó wà lókè wà nísàlẹ̀, tìsàlẹ̀ wà lókè.

"Okùn tuntun ṣì ń nà, sà," ló sọ nígbà tó gbé e fún Dàwódù. "Ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi jókòó níwájú àlejò."

Dàwódù mi orí bí ẹni pé òun ló kọ́ Àlàmú bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ní òtẹ́ẹ̀lì, Àlàmú dúró nítòsí ilẹ̀kùn. Dàwódù kí gbogbo ilé, ó tẹ okùn. Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí abọ́ ṣíbí dà sílẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó yí ukulélé náà padà, àwọn àlejò rò pé àrà ni. Òógùn bò ó lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ lóòótọ́?" Madam bi í.

"Ojú ọjọ́ ni, madam."

Àlàmú bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Mo mọ̀ pé àrífín ni, ọwọ́ òsì ni mo máa fi gbà á."

Ó gbà á, ó gbé e sáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì ta á. Ṣíbí ò dà sílẹ̀ mọ́. Madam wo orúkọ tó wà níkùn ukulélé, ó wo ọwọ́ Àlàmú, ó ní kí Dàwódù bá a di máìkì mú.

Ọwọ́ ọ̀tún ni Dàwódù fi dì í mú. Àlàmú kọ orin náà parí, ó sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ó rí i pé apá ẹ̀gbọ́n ti ń ro.