Ṣòkòtò Tí Mo Ń Tú

Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ránṣọ ní Mowe, mo mọ ìwọ̀n ìbàdí gbogbo àdúgbò, àfi tèmi. Tí ṣòkòtò bá ti há mi, ńṣe ni mo máa ń tú u fẹ̀ sí i, nítorí tí mo bá ń rán tèmi, mo máa ń ṣẹ́ aṣọ púpọ̀ sínú ojú rírán rẹ̀. Àwọn oníbàárà á ní, “Ẹ ti ń sanra, ayé ń yẹ yín.” Èmi náà á ṣe àmín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan tó wá gba aṣọ rí i pé mò ń mu omi léraléra. Ó yọ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ lọ́rùn mi, ó fi wọn ikùn mi. Ó ní ọ̀rá inú ikùn kì í ṣe ẹrù tí a kàn gbé pamọ́. Ó ní ọ̀rá náà ń ṣiṣẹ́. Ó ń tú họ́mọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń mú kí ara kọ etí ikún sí ínsúlínì tó yẹ kó máa kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó lè di àtọ̀gbẹ; òùngbẹ léraléra sì wà lára àmì rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́la.”

Inú bí mi bíi pé ó bú mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó ti ẹ̀rọ mi. Mà á rán díẹ̀, mà á rìn dé etí títì márosẹ̀, mà á tún padà.

Láàárọ̀ yìí, mo ní kí n kúkú lọ ṣàyẹ̀wò náà. Ṣòkòtò tí mo fẹ́ wọ̀ lọ kò gbà mí. Mo mú abẹ, mo yí ṣòkòtò náà síta láti tú u bí ìṣe mi.

Kò sí aṣọ tó kù tí mo lè tú nínú ojú rírán náà mọ́.